Ìwé Ìrìnnà Kò Ní Ahọ́n

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí wò ní yàrá mi. Ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ó kà á sí mi létí pé wọ́n ń wá olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Kòréà, pé owó oṣù rẹ̀ dára, pé wọn yóò fún olùkọ́ ní ilé tí yóò máa gbé, wọn yóò sì san owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi kà á dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè 7 sí, wọ́n sì sọ pé ẹni tí kò bá ní ìwé ìrìnnà ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ kọ̀wé wá rárá. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé náà, ó fi í sí àpò, ó sì bi mí pé: "Àbúrò, ìwọ tí o ń kọ́ nípa èdè, ta ni ó sọ fún wọn pé èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sinmi. Mo gba ilé ìkàwé lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn àwọn olùkọ́ àjèjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Jàpáànì àti ní Kòréà láti ayé àtijọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkàwé wa.

Tẹ́lẹ̀ rí, mo ti rò pé òfin ìwé àṣẹ wọ̀nyí dàbí Olúmọ, pé a bá a níbẹ̀ ni, a ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó ṣe é, ó ní ọdún tí wọ́n ṣe é, ó sì ní ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù tí wọ́n fi ṣe é. Ìbéèrè mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè kan lè bi olùkọ́ tí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Èkíní: Kí ni o mọ̀? Èkejì: Irú ènìyàn wo ni ọ́? Ẹ̀kẹta: Ọmọ ibo ni ọ́? Bí àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Olùkọ́ inú ahámọ́

Láti 1639 ni àwọn aláṣẹ Jàpáànì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò Nẹ́dálándì nìkan ni wọ́n dá sí nínú wọn. Àwọn àti àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì gbà láàyè ní èbúté Nagasaki. Ará Jàpáànì pàápàá kò gbọdọ̀ jáde. Bí ó bá jáde tí ó sì padà wá, ikú ni òfin kọ sílẹ̀ fún un.

Ní 1848, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 24 kan tí ń jẹ́ Ranald MacDonald fi ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán ti Amẹ́ríkà, ó sì wa ara rẹ̀ lọ sí erékùṣù Rishiri ní àríwá Jàpáànì. Ó díbọ́n bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì. Ará Scotland ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjòyè àwọn Chinook, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí ó lè fi hàn onílé. Wọ́n mú un, wọ́n ń gbé e láti ibùdó kan dé òmíràn títí wọ́n fi mú un dé Nagasaki, wọ́n sì há a mọ́ inú ilé kan níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ògbufọ̀ ìjọba wà ní Nagasaki tí wọ́n gbọ́ èdè Nẹ́dálándì, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ń rìn kiri etí òkun wọn ní àkókò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn èrò inú wọn ń sọ. Ìjọba mú ògbufọ̀ 14, ó ní kí wọ́n máa lọ bá ẹlẹ́wọ̀n náà kọ́ èdè. Wọn a ka ìwé sí i létí, òun a tún ohùn wọn ṣe. Ó ṣàkíyèsí pé l àti r a máa dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ṣ ti ń di s lẹ́nu ará Ìbàdàn. Nǹkan bí oṣù 7 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó gbé e lọ ní oṣù kẹrin 1849. Nígbà tí Ọ̀gágun Perry padà wá sí Jàpáànì ní 1854 láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, Moriyama Einosuke wà lára àwọn tí wọ́n ṣe ògbufọ̀ níbi ìjíròrò náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 14 náà ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí a bí i sí inú rẹ̀ kọ́ àwọn ará Jàpáànì, arúfin ni. Kò gba àṣẹ ìwọlé, kò gba àṣẹ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó bi í pé ọmọ ibo ni ọ́ kí ó tó lè kọ́ni. Ohun tí ó mọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè

Ní 1858 Jàpáànì bá Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan ṣe àdéhùn, wọ́n sì ṣí àwọn èbúté kan sílẹ̀ fún àjèjì. Àjèjì lè gbé ní èbúté, ó sì lè rìn jáde dé ibi tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 40. Bí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìrìn-àjò, wọn a sì kọ ìdí ìrìn-àjò náà sí i: nítorí ìlera ni, tàbí nítorí ìwádìí ìmọ̀. Olùkọ́ tí ìjọba gbà sí iṣẹ́ nìkan ni ó lè lọ gbé níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbé e dé nínú ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba Meiji gorí oyè ní 1868, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn àjèjì sí iṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní nǹkan bí 1875, àwọn tí ìjọba nìkan gbà lé ní 500. Àwọn ará Jámánì kọ́ wọn ní ìṣègùn, àwọn ará Faransé kọ́ wọn ní òfin, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ojú irin. Iye ọdún tí olùkọ́ yóò lò, owó oṣù rẹ̀, ilé tí yóò gbé àti iṣẹ́ tí yóò ṣe ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àdéhùn. Owó oṣù àwọn mìíràn ju ti mínísítà lọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe ń rán àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí òkè òkun ní kíákíá, kí wọ́n lè padà wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò.

Nínú gbogbo àwọn olùkọ́ àkókò náà, ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Guido Verbeck. Nẹ́dálándì ni wọ́n bí i sí ní 1830. Ó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ìjọ Ọlọ́run kan níbẹ̀ sì rán an sí Nagasaki ní 1859. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Okuma Shigenobu, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì Waseda sílẹ̀ ní 1882, tí ó sì di olórí ìjọba Jàpáànì ní 1898 àti ní 1914. Ní 1869 ìjọba pe Verbeck wá sí Tokyo, ó sì di olórí àwọn olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó wà lára àwọn tí wọ́n para pọ̀ di Yunifásítì Tokyo lónìí.

Ṣé ẹ rí i báyìí: kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ èdè náà ni, gẹ́gẹ́ bí èmi àti ẹ̀yin ti kọ́ ọ. Èyí tí ó tún ya ni lẹ́nu jù ni pé kò ní orílẹ̀-èdè. Ó ti pẹ́ kúrò ní Nẹ́dálándì títí òfin ibẹ̀ fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kò sì pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó rán an lọ, nítorí náà kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó di ẹni tí kò sí ìjọba kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó darúgbó, ó kọ̀wé sí ìjọba Jàpáànì, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n gba òun sí abẹ́ ààbò wọn. Ní 1891 wọ́n fún un ní ìwé kan tí ó yàtọ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ lè máa rìn, kí wọ́n sì máa gbé, níbikíbi ní ilẹ̀ Jàpáànì gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀. Ní 1891 kan náà, ará Ìlú Ọba tí ó ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ ní àpò kò lè gbé ibi tí ó wù ú. Verbeck kú ní Tokyo ní 1898, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ìwé ni ó tẹ̀lé iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tẹ̀lé ìwé.

Ìtàn Lafcadio Hearn kò jìnnà sí i. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Gíríìsì, baba rẹ̀ jẹ́ ará Áílándì. Ó dé Jàpáànì ní 1890, ó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Matsue, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin ibẹ̀. Ní 1896 ó di ọmọ Jàpáànì, orúkọ rẹ̀ sì di Koizumi Yakumo, kí ogún rẹ̀ lè bọ́ sí ọwọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ láìsí ẹjọ́. Ó kọ́ni ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo títí di 1903, nígbà tí wọ́n kò tún àdéhùn rẹ̀ ṣe mọ́. Natsume Soseki, ọmọ Jàpáànì tí ó ti London dé, wà lára àwọn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ìjọba ti ń lépa láti ọjọ́ yìí wá ni ó ṣẹ yẹn. Ní 1899 ni àwọn àdéhùn tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àjèjì kò nílò ìwé àṣẹ ìrìn-àjò mọ́ kí ó tó jáde ní èbúté, ṣùgbọ́n abẹ́ òfin àti ilé ẹjọ́ Jàpáànì ni ó wà láti ìgbà náà lọ.

Olùkọ́ 3 ní Seoul

Kòréà ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pẹ́ ju Jàpáànì lọ. Ní 1882 ni ó bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn. Ọba Gojong fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjòyè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kí ìjọba Amẹ́ríkà bá òun wá olùkọ́. Ní 1886, olùkọ́ 3 gúnlẹ̀: Homer Hulbert, George Gilmore àti Dalzell Bunker. Ọba ni ó pè wọ́n. Kò sí físà tí ó ju ìpè ọba lọ.

Ti Hulbert ni mo fẹ́ kí a mú dání. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pè é wá kọ́ wọn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jókòó kọ́ èdè Kòréà. Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn, lẹ́tà Ṣáínà ni wọ́n kà sí ìwé gidi. Ní nǹkan bí 1890 ó kọ ìwé nípa ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn ayé, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn ará Kòréà nìkan ni ó sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ tálákà pẹ̀lú lè kà á. Nígbà tí Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, ó bá ọba jíṣẹ́ dé Amẹ́ríkà, ó sì lọ sí The Hague ní 1907 láti gbèjà Kòréà. Wọn kò jẹ́ kí ó gbé ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí. Ní 1949, nígbà tí ó di ẹni ọdún 86, orílẹ̀-èdè náà pè é padà gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Kò lo ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí ó tó kú, wọ́n sì sin ín sí Seoul. Ẹgbẹ́ wa tí ó ń gbé èdè Yorùbá ga yóò mọ irú ènìyàn tí ọkùnrin yìí jẹ́.

Ìwé di púpọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún púpọ̀ kọjá, kí n má baà fa ọ̀rọ̀ gùn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, òwò Jàpáànì àti ti Kòréà kún ayé, Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè tí gbogbo òbí ń fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́. Ní 1987 ìjọba Jàpáànì dá ètò kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí JET, láti máa kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè yunifásítì wá ran olùkọ́ èdè lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn 848 ni ó kọ́kọ́ lọ, láti orílẹ̀-èdè 4: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Ọsirélíà àti New Zealand. Ní 1995 Kòréà dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, EPIK ni wọ́n ń pè é.

Bí àwọn olùkọ́ ti pọ̀ sí i ni ìwé ń pọ̀ sí i. Ní 1990 òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jàpáànì. Lábẹ́ òfin yìí, agbanisíṣẹ́ ni ó máa ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè ní ilẹ̀ tirẹ̀ láti gba ìwé tí ń jẹ́rìí pé olùkọ́ yẹ fún iṣẹ́ náà. Yóò fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí olùkọ́, olùkọ́ yóò sì mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Jàpáànì ní ìlú tirẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní físà. Ẹni tí yóò kọ́ni ní èdè àjèjì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ àṣẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti fi èdè náà gba ẹ̀kọ́ fún ọdún 12, ó kéré tán.

Mo dúró níbi ọdún 12 yìí pẹ́ díẹ̀. Òfin náà kò bi olùkọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́. Ó bi í pé èdè wo ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Nàìjíríà lè dá a lóhùn láìgba ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ rántí pé ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6 ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá mú ìwé rẹ̀ lọ fún aṣọ́bodè tí ń ka ọdún, ọdún rẹ̀ kò ní pé. Òfin lè ka ọdún. Kò lè ka ohun tí ó wà lórí ahọ́n.

Orílẹ̀-èdè 7

Ní Kòréà, físà tí wọ́n ń fún olùkọ́ èdè ni E-2. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á yóò mú ìwé oyè yunifásítì rẹ̀ wá, tí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ti fi èdìdì jẹ́rìí sí, àti ìwé tí ń sọ pé ọlọ́pàá kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí i lọ́rùn. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, yóò lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ara àti ti oògùn olóró.

Kì í ṣe pé gbogbo èyí wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1ọdún 2007, àwọn ọlọ́pàá àgbáyé ń wá ọkùnrin ará Kánádà kan tí ó ti ba àwọn ọmọdé jẹ́ ní Éṣíà, ó sì hàn pé ó ti ṣe olùkọ́ ní Kòréà. Ẹ̀rù ba àwọn òbí, ó sì yẹ kí ó bà wọ́n. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fi ìwé ọlọ́pàá àti àyẹ̀wò ara kún ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ní E-2. Ìbéèrè kejì ni èyí: Irú ènìyàn wo ni ọ́? N kò rí ẹni tí ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò sọ pé kí wọ́n má bèèrè rẹ̀. Ìka kan ni ó tọ́ epo tí ó ran gbogbo ìka yòókù.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyẹ̀wò kòkòrò àrùn HIV kún un, wọn kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Kòréà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì tí ẹ̀jẹ̀ Kòréà bá wà lára rẹ̀. Ní 2009 olùkọ́ obìnrin kan láti New Zealand kọ̀ láti ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àjọ orílẹ̀-èdè àgbáyé tí ń rí sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Ní 2015 ìgbìmọ̀ náà sọ pé ó jàre: àyẹ̀wò náà kò dáàbò bo ìlera ẹnikẹ́ni, ẹ̀yà ènìyàn ni ó sì ń wò. Ní 2017 Kòréà fagi lé e. Ẹnìkan kọ̀, òfin sì yí padà.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta, èyí tí ó mú ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé rẹ̀. Kòréà ní ọmọ orílẹ̀-èdè tí èdè náà jẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi E-2 kọ́ni. Fún Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè 7 ni wọ́n kà: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Ní Ṣáínà pẹ̀lú, ìlànà ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà ní 2017 sọ pé ó yẹ kí olùkọ́ èdè jẹ́ ẹni tí yóò máa kọ́ni ní èdè abínibí orílẹ̀-èdè tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn orílẹ̀-èdè 7 yìí wò. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kọ́ nínú ilé kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá. isiZulu nìkan ni àwọn tí ń sọ ọ́ nílé fi ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Nítorí èyí, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ní láti fi ẹ̀rí hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun ní ilé-ẹ̀kọ́. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ bá tó fún ọmọ Durban, kí ni kò jẹ́ kí ó tó fún ọmọ Abẹ́òkúta, tàbí fún ọmọ Kumasi? Jàmáíkà ńkọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìjọba ibẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń lọ sí Jàpáànì lábẹ́ ètò JET? Bí Guido Verbeck bá jí dìde lónìí tí ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ní Seoul láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn yóò dá a padà. Kò ní ìwé ìrìnnà kankan.

Àwa náà ńkọ́?

Ó rọrùn láti máa dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó lọ, àwọn olùkọ́ sì wà láàárín wọn. Orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wà lẹ́nu wa títí di òní, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọmọ wa ní ìṣirò.

Ẹ tún jẹ́ kí a gbé òfin "èdè abínibí orílẹ̀-èdè" ka orí èdè tiwa. Ká sọ pé ilẹ̀ kan ní Éṣíà ń wá olùkọ́ Yorùbá, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan ni òun yóò gbà. Ọmọ Nàìjíríà kan tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" rí, tí a bí sí ìlú tí Yorùbá kò dé, lè mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá, òfin yóò sì gbà á wọlé. Ọmọ Kétu tí ó ń ki oríkì ilé baba rẹ̀ láìkọsẹ̀ yóò dúró sí ìta, nítorí pé ìwé ìrìnnà Benin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó ya àwọn méjèèjì? Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ẹnu kò lé lórí ní 1889, láìbi Aláketu léèrè. Ṣé ààlà yẹn ni a ó fi mọ ẹni tí ó ni èdè Yorùbá? Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo rí èsì fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó sọ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi í. Ìbéèrè mìíràn ni wọ́n béèrè, ìbéèrè tí ó rọrùn fún akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì. Láti mọ̀ bóyá ènìyàn gbọ́ èdè, tí ó sì lè kọ́ni, a ní láti jókòó tì í kí a gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ògbufọ̀ 14 ti jókòó ti MacDonald. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan tó láti ṣí ìwé ìrìnnà wò.

Mo tún sọ fún un pé kí ó má ṣe tẹ́tí sí àwọn tí ń sọ pé, "Gba físà àlejò wọlé ná, a ó bá ọ tún un ṣe níbẹ̀." Ẹni tí ó bá fi físà àlejò kọ́ni ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ti di arúfin, ìtanràn tàbí àtìmọ́lé tàbí ìlékúrò ni ó sì ń dúró dè é. Ayé MacDonald ti kọjá. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí ni kí a kàn. Ọdún 12 ti Jàpáànì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ó tì ńkọ́? Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ni ó yẹ kí a máa kọ̀wé lé e lórí, kí àwọn olùkọ́ wa sì máa sọ ọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń pàdé àwọn ọ̀mọ̀wé Éṣíà, nítorí a ti rí i pé òfin 2007 kò rí ọdún 2018 bí wọ́n ti kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jàpáànì báyìí. Wọ́n ní kí ó fi ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́ ti yunifásítì, kí àwọn lè ka ọdún rẹ̀. Ó ti lọ sí ilé láti lọ wá a nínú àpótí ìyá rẹ̀.